Ajá Tó Gbọ́ Fèrè Tí Kò Sì Padà

Lọ́jọ́ tí okùn já mọ́ mi lọ́wọ́, ẹ̀ẹ̀meje ni mo pe orúkọ ajá mi. Ológbò kan ló yọ lábẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, Taní ti ki eré mọ́lẹ̀. "Taní! Taní! Taní!" Bí ohùn mi ṣe ń ga sí i, bẹ́ẹ̀ ló ń jìnnà sí i. Ṣùgbọ́n mo rí nǹkan kan tí mi ò gbàgbé títí dòní. Ní ìpè kejì, etí rẹ̀ òsì ṣẹ́ sẹ́yìn, sọ́dọ̀ mi, bí ìgbà téèyàn bá gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ láàárín èrò. Kò pẹ́ rárá. Etí náà padà síwájú, Taní sì bá tiẹ̀ lọ.

Ó gbọ́ mi. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn.

Ẹnì kan tó dúró nítòsí mirí, ó ní, "Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ." Ta ni kò mọ òwe náà? Èmi náà ti pa á fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, etí òsì tí mo rí kò jẹ́ kí n lè ṣe àmín sí i. Ajá tèmi gbọ́ fèrè. Òwe yẹn sì ti dá ẹjọ́ tán ká tó débẹ̀: ajá ló jẹ̀bi, orí ajá ni kò gbe é. Kò sẹ́ni tó bi ọdẹ léèrè ohun tí fèrè rẹ̀ ti jẹ́ fún ajá náà látẹ̀yìn wá. Nígbà tí ajá gbọ́ ọ kẹ́yìn tó sì sáré padà, kí ló bá lọ́wọ́ ọdẹ?

Mo mọ ohun tí Taní bá lọ́wọ́ tèmi. Lẹ́yìn bí ogún ìṣẹ́jú, ó padà wá fúnra rẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ahọ́n rẹ̀ gbọọrọ níta, ó ń ju ìrù. Mo gbá a mú, mo jágbe mọ́ ọn, mo na ìka sí i lójú, mo sì wọ́ ọ wọlé. Lójú tèmi, nítorí pé ó sá lọ ni mo ṣe ń bá a wí. Lójú tiẹ̀, ohun tó ṣe kẹ́yìn ni pé ó wá bá mi, ohun tó sì tẹ̀ lé e ni ariwo. Ajá kì í so ìbáwí mọ́ ohun tó ti ṣe ní ogún ìṣẹ́jú sẹ́yìn. Ohun tó ń ṣe lọ́wọ́lọ́wọ́ ló máa so ó mọ́. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ́ ọ pé kò yẹ kéèyàn máa padà wá sọ́dọ̀ mi.

Tanímọ̀la ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Ọmọ oṣù mẹ́rin ni nígbà tí mo gbà á, kò sì tíì pé oṣù mẹ́fà nígbà tí ológbò yẹn yọ sí wa. Nínú ilé, ọjọ́ méjì péré ló fi mọ ìtumọ̀ "jókòó." Níta, bí ẹni pé wọn ò kọ́ ọ ní nǹkan kan rí ni. Bí ewé bá já bọ́, á yíjú sí i. Bí kẹ̀kẹ́ bá ń bọ̀ lókèèrè, bí ọmọdé bá rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ògiri, bí ẹyẹ bá bà sórí wáyà, ibẹ̀ ni ojú rẹ̀, etí rẹ̀ àti gbogbo ara rẹ̀ máa wà. Mo máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé kò ní àròjinlẹ̀ kankan, pé ọkàn rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Mo ń sọ ọ́ bí ẹni pé àìsàn ni.

Ẹ̀gbọ́n kan tó ti ń tọ́ ajá láti ìgbà tí mo wà ní kékeré ni mo ké sí. Mo rò pé tó bá dé, á gba okùn lọ́wọ́ mi, á sì fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn mí. Kò gbà á. Ó ní kí n máa rìn bí mo ṣe máa ń rìn, òun á máa bọ̀ lẹ́yìn. A rìn bí ìdajì wákàtí. Taní ń fà síhìn-ín, ó ń fà sọ́hùn-ún, apá ń ro mí. Nígbà tí a padà dé ẹnu ọ̀nà, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà rí i. Kò lè fọkàn sí nǹkan kan ṣoṣo."

"Mo rí i," ó ní. "Ẹ̀ẹ̀mọkànlá ló bojú wò ẹ́."

Mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ.

"Ìwọ wo òun lẹ́ẹ̀mélòó?"

Fóònù wà lọ́wọ́ òsì mi. Ó ti wà níbẹ̀ látìgbà tí a ti jáde. Ẹ̀gbọ́n kò pariwo, kò sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kàn ń kà á fún mi: "Ó wò ẹ́ níbi ọ̀pá iná. Ó wò ẹ́ nígbà tí kẹ̀kẹ́ ń kọjá. Ó wò ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí o dúró tí o ń tẹ fóònù. Ó ń bi ẹ́ pé, kí la fẹ́ ṣe? O ò dá a lóhùn. Ajá wo ló máa béèrè lẹ́ẹ̀kejìlá?"

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti fi fóònù sílẹ̀ sílé bí a bá ń jáde. Mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà nípa ohun tí ajá ń wò nígbà tí kò wo wa, torí mo fẹ́ mọ ohun tí mò ń bá du ọkàn rẹ̀.

Ohun tí mo bá pọ̀ ju tèmi lọ fíìfíì. Imú èèyàn ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 6 ojú ìgbóòórùn tíntìntín. Ti ajá lè tó mílíọ̀nù 200, ti àwọn ajá ọdẹ tí iṣẹ́ wọn jẹ́ títọ ipasẹ̀ sì lè tó mílíọ̀nù 300. Ihò imú wọn là lẹ́gbẹ̀ẹ́. Atẹ́gùn tí wọ́n ń mí jáde ń gba ẹ̀gbẹ́ yẹn kọjá, kó má baà da èyí tó ń wọlé láti iwájú rú. Nítorí náà, nígbà tí Taní bá ki imú bọ ìdí igi kan, tí mò ń fà á pé "ó tó, jẹ́ ká lọ," ìwé ló ń kà níbẹ̀: ta ló kọjá, akọ ni àbí abo, ó ti pẹ́ àbí kò tíì pẹ́. Etí ńkọ́? Ohùn tó bá ti ga kọjá 20,000 hẹ́ẹ̀tì, ìyẹn iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kò sí fún wa mọ́. Ajá ń gbọ́ ohun tó kọjá 40,000. Ní 1876, Francis Galton, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe fèrè kan tí ohùn rẹ̀ lè ga débi pé etí wa kò ní gbọ́ nǹkan kan, tí ajá á sì yíjú. Fèrè ajá tí wọ́n ń tà títí dòní, ọmọ fèrè yẹn ni. Ṣùgbọ́n ohùn gíga kò tíì sọ fún ajá pé kó padà. Ohùn lásán ni, àfi bí ẹnì kan bá fi nǹkan sínú rẹ̀.

Ojú ló wá yà mí lẹ́nu jù. Ní Budapest, olú ìlú Hungary, ní 2003, Ádám Miklósi, olùṣèwádìí nípa ìwà ẹranko, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ àwọn ajá àti àwọn ìkookò tí èèyàn fọwọ́ tọ́ dàgbà bí wọ́n ṣe lè dé ìdí ẹran kan. Lẹ́yìn náà, wọ́n wá ṣe é kó má ṣeé ṣe mọ́. Àwọn ìkookò ń bá a jà lọ. Àwọn ajá ń jáwọ́, wọ́n ń yíjú, wọ́n ń wo ojú èèyàn tó wà lẹ́yìn wọn. Ní Leipzig, ní Germany, lọ́dún kan náà, olùṣèwádìí mìíràn, Josep Call, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ rí i pé ajá tí a ní kó má jẹ oúnjẹ kan máa ń jí i jẹ ju ìgbà tí èèyàn ń wò ó lọ bí èèyàn tó wà níbẹ̀ bá dijú, tó kọ̀yìn, tàbí tó ń fi nǹkan mìíràn ṣeré. Wọ́n mọ ìgbà tí a ń wò wọ́n. Wọ́n sì mọ ìgbà tí a kò wò wọ́n. Mo ka èyí lẹ́ẹ̀mejì, mo sì rántí ọwọ́ òsì mi.

Nígbà tó di 2015, olùṣèwádìí kan, Miho Nagasawa, ní Japan fi hàn pé bí ajá àti olówó rẹ̀ bá ń wo ara wọn lójú, ọ̀sítósínì ń pọ̀ sí i lára àwọn méjèèjì. Èròjà ara kan náà tó ń ṣiṣẹ́ láàárín ìyá àti ìkókó ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn ìkookò. Wíwo ojú wa kì í ṣe ẹ̀kọ́ tí a máa kọ́ ajá, ó ti wà lára rẹ̀ kó tó wọlé wa. Tiwa ni ká bọ́ ọ, tàbí ká jẹ́ kí ebi pa á kú.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ọ nìyí. Inú yàrá kan la ti bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀kùn wà ní títì, kò sí tẹlifíṣọ̀n, kò sí ẹlòmíràn. Mo bọ ẹran adìyẹ, mo gé e wẹ́wẹ́, kò ju èékánná ìka kékeré lọ. Mo jókòó sílẹ̀, mi ò sọ nǹkan kan. Mi ò pè é, mi ò súfèé, mi ò mi ọwọ́. Taní ń fimú tọ ilẹ̀ kiri, ó fín ẹsẹ̀ àga, ó họ ara. Nígbà tó ṣe, ó gbójú sókè wò mí. Mo ní, "Ó dáa!" ẹran sì ti dé ẹnu rẹ̀. Ó tún yíra padà. Ó tún wò. "Ó dáa!" Kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé, ó ti jókòó síwájú mi, ojú rẹ̀ kò kúrò lójú mi, ó ń gbọ̀n díẹ̀ láti inú àyà.

"Ó dáa" yẹn, ọ̀rọ̀ kan náà ni nígbà gbogbo, ní ohùn kan náà, ó sì gbọ́dọ̀ bọ́ sí ìṣẹ́jú àáyá tí ojú bá ojú. Àwọn mìíràn ń lo kílíkà, ike kékeré tó ń dún "kẹ́" bí a bá tẹ̀ ẹ́. Ivan Pavlov, ará Rọ́ṣíà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1904 nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí bí oúnjẹ ṣe ń dà nínú ikùn, ló kíyè sí i pé itọ́ àwọn ajá òun ti ń dà kí oúnjẹ tó dé, nítorí pé wọ́n ti mọ ohun tó máa ń ṣáájú rẹ̀. "Ó dáa" ni ohun tó ń ṣáájú tèmi. Bó bá pẹ́, ohun mìíràn ni mo máa sanwó fún. Lọ́jọ́ kejì, mo sọ ọ́ nígbà tí Taní ti yíjú sí fèrèsé, gbogbo ìyókù ìrọ̀lẹ́ yẹn ló fi ń wo fèrèsé.

Orúkọ rẹ̀ la wá tún ṣe. Mo ti fi "Taní" jágbe, mo ti fi dáwọ́ ìjẹkújẹ dúró, mo ti fi gba bàtà lẹ́nu rẹ̀, mo ti pè é lẹ́ẹ̀meje léra wọn láìsí ohun tó tẹ̀ lé e. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mi ò fi orúkọ yẹn bá a wí rárá. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo ń pè é, jẹ́jẹ́, lẹ́yìn náà ẹran. Bí kò bá yíjú, mi ò tún un pè. Màá sún mọ́ ọn, tàbí kí n dúró. Ẹni tó bá ń pe ajá lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó wá, ó ti kọ́ ọ pé ìpè àkọ́kọ́ àti ìkejì kò já mọ́ nǹkan kan.

Níta lọ̀rọ̀ ti le, ibẹ̀ sì ni mo ti rí òṣùwọ̀n tó dára jù tí mo mọ̀. Ẹnu ajá ni. Pápá kan wà tí àwọn ajá mìíràn ti máa ń ṣeré. Ní bí ogójì ìṣísẹ̀ sí wọn, Taní ń fi ètè gba ẹran lọ́wọ́ mi bí ẹni ń mú ẹyin. Ní ogún ìṣísẹ̀, eyín ló fi ń gbà á, ó ń bù mí níka, ojú rẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ àwọn ajá. Ní mẹ́wàá, mo fi ẹran sí i lẹ́nu, ó sì bọ́ sílẹ̀ láìjẹ́ pé ó mọ̀. Ẹran tó ń jà fún nílé! Mo ti máa ń pe ìyẹn ní agídí tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ajá tí kò lè jẹun kò lè kẹ́kọ̀ọ́. Ara rẹ̀ ti kún. Nítorí náà, mo padà sí ogójì, ibẹ̀ la ti ṣe ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà márùndínlógójì. Bí mo bá sún mọ́ wọn sí i, mi ò béèrè ju kó wò mí fìrí. Bí mo bá fẹ́ kó wò mí pẹ́, màá lọ jìnnà. Ẹni tó bá gbé méjèèjì ga lójọ́ kan náà, ajá ló ń dẹ́rù lé.

Ohun tó wá yí gbogbo rẹ̀ padà kì í ṣe ẹran. Ní 1959, David Premack, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ pé ohun tí ẹ̀dá ń fẹ́ ṣe gan-an lè di èrè fún ohun tí kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ ṣe. Mo ti ń bá igi du Taní látìgbà tí mo ti gbà á. Mo wá yí i padà. Bí a bá dé tòsí igi tó ń fẹ́, màá dúró. Okùn á le díẹ̀. Mi ò ní fà á. Nígbà tó bá yíjú wò mí, "Ó dáa! Ó yá, lọ!" a ó sì jọ sáré lọ sídìí igi náà, màá dúró tì í títí á fi kà á tán. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí fúnra rẹ̀ bó bá ti gbóòórùn nǹkan. Igi tó ń gbà á lọ́wọ́ mi tẹ́lẹ̀ ló wá ń dá a padà sọ́dọ̀ mi. Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó ṣe é.

Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ ń gòkè bẹ́ẹ̀. Nígbà tó pé oṣù mẹ́jọ, etí rẹ̀ tún di. Mo kọ́kọ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran, torí etí tó ń dunni tàbí ara tó ń roni lè mú kí ajá má dáhùn. Ara rẹ̀ le. Ìgbà ọ̀dọ́ ni. Olùṣèwádìí kan, Lucy Asher, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Newcastle, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti fi hàn ní 2020 pé ajá tó jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́jọ kì í gbọ́ràn sí ẹni tó ń tọ́ ọ lẹ́nu tó bó ṣe ń gbọ́ nígbà tó wà lọ́mọ oṣù márùn-ún, síbẹ̀ ó ń gbọ́ ti àlejò. Ó máa ń kọjá. Mo lẹ èyí mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn mi, kí n lè máa rí i kí n tó jáde.

Ìgbà yẹn gan-an ni ẹnì kan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n ra okùn ọrùn tó máa ń fi iná mọ̀nàmọ́ná ta ajá. Ó ní ọjọ́ kan péré ni Taní á fi gbọ́n. Mi ò rà á, mi ò sì ní rà á láé. Ìjọba Wales, ní Britain, ti fòfin de lílò rẹ̀ láti 2010, mo sì rò pé ó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo. Mo ti rí ajá tí wọ́n fi irú rẹ̀ kọ́. Ó ń wo olówó rẹ̀, kò sì wo ibòmíràn. Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ orí, funfun ojú rẹ̀ hàn, ó ń lá ètè. Bí a ṣe ń ṣọ́ ibi tí ewu á ti yọ ló ń ṣọ́ ọ. Mi ò fẹ́ kí Taní wò mí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Bẹ́ẹ̀ ni mi ò fẹ́ kó máa wò mí lójoojúmọ́ láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀. Ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, mi ò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dè é ní okùn gígùn mọ́ àyà, imú rẹ̀ ló ń mú wa lọ. Àwọn olùṣèwádìí méjì, Charlotte Duranton àti Alexandra Horowitz, rí i ní 2019 pé àwọn ajá tí wọ́n jẹ́ kí wọ́n fi imú ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì ń retí ohun rere ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nínú ìdánwò tí wọ́n ṣe fún wọn. Àwọn tí wọ́n kọ́ láti máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ olówó wọn kò yí padà bẹ́ẹ̀. Mo gbà á gbọ́, torí mo ń rí i lójú Taní bí a bá ti irú ìrìn bẹ́ẹ̀ dé.

Ó ti lé lọ́dún kan báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a wà ní pápá, okùn mítà mẹ́wàá lọ́wọ́ mi, ológbò kan sì bọ́ sórí ògiri tó wà níwájú wa. Taní dúró gbagidi. Irun ẹ̀yìn rẹ̀ dìde. Àyà mi já, ọwọ́ mi ti fẹ́ fa okùn, mo sì ní kó má fà á. Mo pè é lẹ́ẹ̀kan, jẹ́jẹ́: "Taní."

Etí òsì ṣẹ́ sẹ́yìn. Etí kan náà. Ó dúró síbẹ̀, kò padà síwájú. Ológbò náà gbé ẹsẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà ni orí Taní yí, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé ó wúwo, èjìká tẹ̀ lé e, ó sì ń sáré bọ̀ wá bá mi. Mo kúnlẹ̀. "Ó dáa! Ó dáa!" Gbogbo ẹran tó kù lápò mi ni mo fún un, lọ́kọ̀ọ̀kan, lọ́kọ̀ọ̀kan, ètè ló sì fi gba gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí ológbò ti lọ tán, mo ní, "Ó yá, lọ!" Ó sáré lọ sí ìdí ògiri, ó ki imú bọ ibi tó ti dúró, ó ń kà á. Láàárín ìgbà tó fi wà níbẹ̀, ó bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì. Mo rí méjèèjì.